Ẹ má tíì dé e ládé, ẹ má sì tíì sin ín: bó ṣe yẹ ká máa wo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tuntun

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á dé ìsàlẹ̀ á rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ló wà nínú rẹ̀.

Lọ́dọọdún, tí oṣù Keje bá ti wọlé, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Yúróòpù á kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ibùdó ìgbáradì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, ibẹ̀ sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń mọ ẹni tó máa lò nígbà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni àwọn ọmọ ilé ìwé tiwa ń wà nínú ìsinmi gígùn, tí abúlé sí abúlé ń ṣe ìdíje tirẹ̀. Nítorí náà, láti etí pápá abúlé títí dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, láti ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò títí dé ìsọ̀ àwọn oníṣòwò, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wa ń dá: ta ni ọmọ tuntun yìí? Ṣé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá àbí kò mọ̀ ọ́n?

Tó bá jẹ́ atamátàsé ni ọmọ náà, ẹjọ́ rẹ̀ kì í le. Ó gbá a wọlé tàbí kò gbá a wọlé. Tó bá pàdánù ìgbà mẹ́sàn-án, tó gbá ẹ̀kẹwàá wọlé, a ó gbàgbé mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń gbá, ìdàkejì ni. Ó lè gba bọ́ọ̀lù mọ́ alátakò lọ́wọ́ ní ìgbà mẹ́sàn-án, tí ẹnikẹ́ni kò ní rántí. Tó bá ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun la ó máa sọ títí di ọ̀la.

Èrò tiwa lórí ojú ìwé yìí nìyí: ẹjọ́ tí à ń dá fún agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tuntun níbùdó ìgbáradì ti yá jù, ì báà jẹ́ ìyìn, ì báà jẹ́ èébú. Ìkánjú náà ń pa ọmọ lára, ó sì ń pa bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa lára.

Ọjọ́ méje péré

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Leny Yoro, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n bí ní oṣù Kọkànlá 2005. Lille ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti wọ pápá pẹ̀lú àwọn àgbà nígbà tó ṣì wà ní ọmọ ọdún 16. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 2024, Manchester United rà á. Ìròyìn tó jáde nígbà náà sọ pé owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 60 yúrò. Ọmọ ọdún 18 péré ni.

Ní ọjọ́ 20 oṣù yẹn, wọ́n gbé e wọ pápá níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú Rangers ní ìlú Edinburgh, ní Scotland. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló gbá. United borí pẹ̀lú 2-0. Ìṣẹ́jú 45 yẹn ti tó fún ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn. Ẹnu wọn kò gbóúnjẹ mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn United ti bọ́ nínú ìyọnu, wọ́n ní ọmọ náà ti dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 27, ìyẹn ọjọ́ méje sígbà náà, United pàdé Arsenal ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà. Ìdajì àkọ́kọ́ kò tíì parí tí Yoro fi jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣèṣe. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì di ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá kó tó wọ pápá fún United nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi. Arsenal kan náà ló tún bá pàdé lọ́jọ́ náà, United sì fìdí rẹmi. Nígbà yẹn, Erik ten Hag tó wà lórí àlééfà nígbà tí wọ́n rà á kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti yọ ọ́ níṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá. Rúben Amorim ló ti dé, ó sì ti yí ètò padà: ẹni mẹ́ta ló ń tò sí àárín ẹ̀yìn dípò méjì.

Ẹ wò ó. Kí ni nínú gbogbo èyí ni ìṣẹ́jú 45 ọjọ́ Edinburgh lè sọ fún wa? Kò lè sọ pé ẹsẹ̀ á ṣèṣe. Kò lè sọ pé ọ̀gá á yí padà. Kò lè sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún kọ́ ni yóò wá ṣe. Àwọn tó dé e ládé ní oṣù Keje ti ń sọ ní oṣù Kẹsàn-án pé owó ti ṣòfò. Nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹrin 2025, ọmọ tí wọ́n ní owó rẹ̀ ti ṣòfò yìí ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Lyon níbi ìdíje Europa League. Ọmọ kan náà ni o. Àwa tí à ń wò ó la ń yí bí ọ̀gà.

Ìdí tí ibùdó ìgbáradì fi máa ń tan ojú jẹ

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìgbáradì, eré sísá ló pọ̀ jù. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti wúwo. Ọmọ tó lè sáré ju ìyẹn lọ lè dà bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀, nígbà tí ẹni tó wá láti orí ìdíje mìíràn tí kò tíì sinmi á máa sáré bí ẹfúùfù. Tí a bá fi ìyẹn mọ ẹni tó yára, a ti ṣìnà.

Èkejì, alátakò tí wọ́n ń bá gbá náà kò tíì gbóná. Atamátàsé tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà kọjá ní oṣù Keje lè má fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ni wọ́n ní kó gbá. Ẹni tó bá dá irú rẹ̀ dúró kò tíì dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kì í dá ṣiṣẹ́. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, nígbà mìíràn márùn-ún, pẹ̀lú aṣọ́lé lẹ́yìn wọn. Tí obìnrin méjì bá ń gún iyán nínú odó kan, tí ọ̀kan kò tíì mọ ìwọ̀n ọwọ́ èkejì, ọmọ odó á máa kan ọmọ odó. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn kò mọ iyán gún. Wọn kò tíì jọ gún un pẹ́ ni. Níbùdó ìgbáradì, akọ́nimọ̀ọ́gbá á fi ọmọ tuntun sí ọ̀tún lónìí, á fi sí òsì lọ́la, á pààrọ̀ ẹni mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ìdajì bá parí. Lẹ́yìn náà ni àwa á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, a ó máa sọ pé ọmọ náà kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n, nígbà tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́?

Ohun tó yẹ ká wò

A kò ní kí ẹ di ojú yín o. Ibùdó ìgbáradì ní ohun tó lè fi hàn wá, àní ní pápá abúlé pàápàá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó ń dán ló yẹ ká wò.

Ẹ wo ojú ọmọ náà kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣé bọ́ọ̀lù nìkan ló tẹjú mọ́, àbí ó ń yí orí padà wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀yìn ló wà nínú òwe yìí. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó dára gan-an kì í sábà yọ ẹsẹ̀ nílẹ̀, torí ó ti dé ibẹ̀ kí ewu tó dé. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ tónítóní nígbà tí eré parí lè jẹ́ òun ló ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ṣé ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Tí ìlà ẹ̀yìn bá máa sún síwájú kí alátakò lè bọ́ sínú ọ́fúsáìdì, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ sún lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹnì kan bá gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọmọ tuntun tó lè pariwo pe àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó sún, ọmọ yẹn ti ní ohun kan nínú.

Ẹ wo bó ṣe ń dúró níwájú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dání. Ṣé ó ń já lu ọ̀nà bí ajá tó rí ẹran, àbí ó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tó ń tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́, títí tí àwọn yòókù á fi padà dé? Ẹni tó bá fà á sẹ́yìn yẹn, èrò lè máa pariwo pé ó ń bẹ̀rù. Kò bẹ̀rù. Ó ń ra àkókò fún ilé ni.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣe lẹ́yìn àṣìṣe. Àṣìṣe á wáyé dandan. Ṣé ó tún béèrè fún bọ́ọ̀lù, àbí ó ń sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn? Tí wọ́n bá bi wá léèrè, ohun kan yìí la máa fi wọn ọmọ, torí pé òun nìkan ni kì í yí padà bí alátakò tàbí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá yí padà.

Orin tí wọ́n kọ fún Saliba

Àwọn alátìlẹ́yìn Arsenal tó wà láàárín wa á rántí èyí. William Saliba jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí Arsenal rà á lọ́wọ́ Saint-Étienne ní oṣù Keje 2019. Wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún sáà kan. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 2020, kò ráyè. Wọ́n yá a fún Nice ní oṣù Kìíní 2021, wọ́n sì tún yá a fún Marseille ní sáà tó tẹ̀ lé e. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ tó rà á. Ọ̀pọ̀ ti sọ pé ó ti di owó àgbàná. Ṣùgbọ́n ní Marseille yẹn ni wọ́n ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì Faransé.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 2022, ó wọ pápá fún Arsenal nínú líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti na Crystal Palace 2-0. Ó dára lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 13, wọ́n gbàlejò Leicester nílé. Saliba ṣèèṣì darí bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara rẹ̀, níwájú èrò tirẹ̀, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé nínú líìgì. Ẹ fojú inú wò ó ká ní pápá tiwa ni. Ẹ mọ ohun tí wọn ì bá sọ nípa ìyá rẹ̀.

Àwọn èrò Arsenal kò bú u. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Arsenal borí pẹ̀lú 4-2. Ní ọjọ́ 20, ní Bournemouth, Saliba fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn, ó wọ àwọ̀n gbẹ̀rẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ méje náà nìyẹn.

A kò sọ pé pàtẹ́wọ́ ló gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ Saliba ni, àti ti ọdún mẹ́ta tó ti fi ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé àwọn èrò yẹn mọ ohun tí wọ́n ń wò. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ náà dúró síbi tó yẹ kó dúró sí, pé ó lọ síbi tó yẹ kó lọ, pé bọ́ọ̀lù ló yí. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn wo iwájú.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé

Bóyá ẹnì kan á sọ pé ti àwọn òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá? Ó kàn wá gidigidi. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Benin fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn tí à ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di Guépards ní 2022.

Ní ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 2004, Benin gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, bọ́ọ̀lù mẹ́jọ wọ àwọ̀n wọn. Ní 2008, mẹ́ta náà ni wọ́n gbá, méje wọlé. Ní 2010, márùn-ún wọlé. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn, wọn kò borí nínú ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà ni 2019 dé, ní Íjíbítì. Benin àti Ghana gbá 2-2. Pẹ̀lú Guinea-Bissau, 0-0. Pẹ̀lú Cameroon, 0-0. Wọ́n bọ́ sí ipele ẹlẹ́ni mẹ́rìndínlógún láì borí ẹnikẹ́ni, kìkì torí pé ilé wọn kò ṣeé wọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, wọ́n pàdé Morocco. Moïse Adilehou ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Benin. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni. Morocco dá a padà, wọ́n tún rí pẹnárítì gbà nígbà tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bọ́ọ̀lù Hakim Ziyech sì gbá òpó. Ní àsìkò àfikún, Khaled Adénon, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wọn, gba káàdì pupa. Ẹni mẹ́wàá tó kù sé ọ̀nà títí ó fi di wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ, Benin sì borí pẹ̀lú 4-1. Senegal ló dá wọn dúró ní ipele tó tẹ̀ lé e, 1-0 péré. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ló wọ àwọ̀n Benin. Ayọ̀ tí a yọ̀ lọ́dún náà, ẹ̀yìn ló gbé e wá.

Kì í ṣe ìgbà kan náà nìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá 2024, 0-0 tí wọ́n gbá ní Tripoli pẹ̀lú Libya ló mú Benin wọ ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Morocco. Gernot Rohr ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbá ẹ̀yìn fún Bordeaux rí nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀.

A kò ní fi ọjọ́ burúkú pamọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Benin ló wà lókè tábìlì ìsọ̀rí wọn nígbà tí wọ́n wọ pápá ní Uyo. Nàìjíríà na wọn 4-0, Victor Osimhen nìkan gbá mẹ́ta, ọ̀nà ife ẹ̀yẹ àgbáyé sì dí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí orúkọ tí a kò gbọ́ tí wọ́n pe àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí wọ́n lé gbogbo wọn lọ, kí wọ́n kó ọmọ tuntun wá.

Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, Benin na Botswana 1-0 ní Morocco. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Benin borí láàárín ìṣẹ́jú 90 níbi ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, láti 2004 tí wọ́n ti ń lọ. Ta ló gbá a wọlé? Yohan Roche. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni.

Ta ló máa gbá ẹ̀yìn lọ́la?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá nìyí. Ẹ lọ sí pápá èyíkéyìí ní agbègbè wa nínú ìsinmi yìí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ibo ni wọ́n ń gbá. Iwájú ni ọ̀pọ̀ wọn á pè. Ẹni tí wọ́n bá tì sẹ́yìn, ó máa ń dà bíi pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Àwa àgbà la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé là ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ẹni tó dá bọ́ọ̀lù dúró lórí ìlà, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí kò bá dá a dúró.

Tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bá wá sí ìgbáradì fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ṣe àṣìṣe kan, tí a sọ orúkọ ẹ̀sín sí i tó sì tẹ̀ lé e dé ilé ìwé, kì í ṣe pé a ti sọ òtítọ́ fún un. A ti lé e kúrò lẹ́yìn ni. Lọ́dún tó ń bọ̀, iwájú ló máa ní òun fẹ́ gbá, tàbí kó má wá mọ́.

Ìyìn àsọjù náà ní ewu tirẹ̀, ó sì kan àpò àwọn òbí. Tí gbogbo ìlú bá ti ń sọ pé ọmọ ìyá alágbàdo ti di Saliba, ẹnì kan á yọjú tó máa ní òun lè mú un dé Yúróòpù, kí ìyá sáà wá owó ìwé ìrìnnà àti owó ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí dájú: òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣí kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní òmíràn, àyàfi fún ìdí díẹ̀ tí òfin náà dá sọ́tọ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ibẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA, orúkọ àwọn tó ní in sì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ń kánjú gba owó lọ́wọ́ yín kí ọmọ tó gbá sáà kan tán, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ ná. Kí ẹ tó ta ilẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ náà àti àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ wa láti sọ̀rọ̀

Ẹlòmíràn á ní: “Owó ìwòran la san, a lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó wù wá.” Òótọ́ ni. Bọ́ọ̀lù láìsí àríyànjiyàn, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Àwa náà kò ní panu mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kéèyàn sọ pé “Ó pẹ́ kó tó yí ara padà nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn rẹ̀” àti kéèyàn sọ pé “Kò wúlò fún nǹkan kan.” Ọmọ lè fi ti àkọ́kọ́ ṣàtúnṣe. Kí ló fẹ́ fi ti èkejì ṣe?

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí jù wá lọ. Ẹni tó bá ra iṣu kò lè fi èèpo nìkan mọ bó ṣe máa rí nínú ìkòkò. Ẹ máa ń gbé e sọ́wọ́, ẹ máa ń wo orí rẹ̀, ẹ sì máa ń béèrè oko tó ti wá. Tí ẹ bá lè fara balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣu, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ lórí ọmọ èèyàn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ìgbáradì ọdún yìí. Àkọ́kọ́, ká má dá ẹjọ́ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tuntun kankan kó tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ti Arsenal, ì báà jẹ́ ti abúlé wa. Èkejì, tó bá ṣe àṣìṣe lójú wa, ká pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó bá tún béèrè fún bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹta, níbi ìdíje abúlé, tí ẹ bá ń fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya nǹkan kékeré sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣọ́ ẹ̀yìn jù lọ, kí ẹ sì pe orúkọ rẹ̀ sínú gbohùngbohùn kí ìyá rẹ̀ gbọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ l'oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Ọmọ tó máa dá atamátàsé àwọn ẹlòmíràn dúró fún Benin ní ọdún mẹ́wàá sí i ti wà lórí pápá kan báyìí, bóyá ní Kétu, bóyá ní Ṣábẹ̀ẹ́. Bàtà rẹ̀ lè ti ya, ó sì ṣeé ṣe kó ti ṣe àṣìṣe kan lánàá. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu wa ló máa lé e kúrò níbẹ̀.